Kóńdò oníyàrá kan ní àárín gbùngbùn Tòróńtò: ṣé ilé ni, àbí afẹ́fẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe. Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé Brampton, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ní University Avenue, ní ìgboro Tòróńtò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rí kóńdò kan, ìyẹn ilé tèèyàn ń rà nínú ilé gíga, tí wọ́n fẹ́ tà nítòsí St. Lawrence Market: yàrá kan àti pálọ̀, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 560, $545,000. Owó oṣooṣù fún ìtọ́jú ilé náà $610, owó orí ilé bíi $190 lóṣù. Wọ́n ní Walk Score ibẹ̀, máàkì tó ń sọ bí àdúgbò ṣe rọrùn fún ìrìn ẹsẹ̀ sí, jẹ́ 98 nínú 100, àti pé irú rẹ̀ nínú ilé kan náà ń lọ ní $2,300 fún ẹni tó bá fẹ́ háyà. Mo ti fi $125,000 pamọ́. Mọ́tò tí mò ń wà ń jẹ tó $1,150 lóṣù: owó gbèsè tí mo fi rà á, inṣọ́ránsì, epo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ rà, pé lọ́jọ́ kan onílẹ̀ á gba ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní $610 yẹn, háyà tí kò lópin ni. Màmá mi sì máa ń ti Abẹ́òkúta wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ṣé kí n rà á?"

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú ọ̀nà. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé ilé lò ń béèrè. Nígbà kejì, mo gbọ́ agara tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi òru ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó tún wa mọ́tò padà sí Brampton ní àárọ̀ pẹ̀lú oorun lójú, kò sí ilé tí wọ́n fi hàn án lẹ́bàá ibi iṣẹ́ tí kò ní wù ú. Agara yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, àmọ́ fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, torí màá padà sí i. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe éjẹ́ǹtì ilé ní ìlú yìí, kóńdò sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gba ọwọ́ mi kọjá. Lọ́yà kọ́ ni mí, báńkì kọ́ ni mí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, màá sọ fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Kò parọ́ o, ibi tó ń gbé ló ti ń sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, leasehold ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ fúláàtì: ọdún 99 tàbí 125 ni wọ́n tà fún ọ, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn, iye ọdún yẹn sì ń jó lọ sísàlẹ̀ bí àbẹ́là. Ní ìpínlẹ̀ Ontario níhìn-ín, freehold ni èyí tó pọ̀ jù nínú kóńdò. Orúkọ rẹ ló máa wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí onílé, kò sí ọdún tó ń tán. Kóńdò tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ àyálò wà níbí náà, díẹ̀ ni. Lọ́yà rẹ á rí i nínú ìwé kí tíì rẹ tó tutù, nítorí náà, bi í léèrè.

Ní ti afẹ́fẹ́, ìwọ ọmọ Abẹ́òkúta, o mọ agbo ilé. Yàrá bàbá rẹ, ti bàbá rẹ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, kànga, ẹ̀yìnkùlé, ẹnu ọ̀nà ńlá, gbogbo ilé ló ni ín. Bí kànga bá ya, wọ́n á pèpàdé, olúkúlùkù á dáwó. Kóńdò nìyẹn gan-an. Inú yàrá rẹ jẹ́ tìrẹ. Ilẹ̀, òrùlé, lífìtì, páìpù inú ògiri, ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo ẹ̀yin onílé lẹ jọ ni ín, ìwé sì kọ ìpín tó kàn ọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ẹ bá dìbò yàn ni mọ́gàjí. Ibi tó ti yàtọ̀ sí tilé ni pé níbí, kò sí pé o ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n fún ọ dọdún tó ń bọ̀. Bí o kò bá san owó oṣooṣù, òfin kóńdò Ontario ti 1998 fún àjọ onílé láṣẹ láti forúkọ gbèsè náà sílẹ̀ lórí ilé rẹ láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè yẹn á sì ṣáájú ti báńkì tó yá ọ lówó pàápàá. Wọ́n lè ta ilé náà lé e lórí.

Èyí ló gbé wa dé $610. Ọ̀rẹ́ rẹ pè é ní háyà, mo sì mọ̀dí tó fi pè é bẹ́ẹ̀: ò ń san án lóṣooṣù, kò sì ní tán títí o fi máa ta ilé. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóru wà níbẹ̀, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, inṣọ́ránsì ilé lápapọ̀, kíkó yìnyín, omi, nígbà mìíràn ooru ìgbà òtútù pẹ̀lú. Béèrè èyí tó wà nínú tìrẹ gan-an, torí àwọn ilé tuntun sábà máa ń yọ iná, omi àti ooru sọ́tọ̀, owó oṣooṣù wọn á wá dà bíi pé ó kéré. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ ní Brampton ń san gbogbo ìwọ̀nyí náà. Kò kàn mọ ọjọ́ tó máa san án ni, àfìgbà tí òrùlé bá jò. Apá kan nínú $610 yẹn tún ń lọ sínú àpò ìpamọ́ ilé, tí wọ́n ń pè ní reserve fund, fún àtúnṣe ńlá: lífìtì, òrùlé, fèrèsé, páìpù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Kóńdò àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi rà, owó oṣooṣù rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ilé tó yí i ká lọ. Mo fi ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó dọdún kẹta, mo lọ gbé ọkọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, mo bá ike kan tí wọ́n gbé sábẹ́ àjà. Omi ń kán sínú rẹ̀ tó, tó, tó, ó rí bí omidùn. N kò ka ike yẹn sí nǹkan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Táyà á gbé iyọ̀ wọlé, iyọ̀ á bá omi wọ inú kọ̀ǹkéré, á máa jẹ irin tó wà nínú rẹ̀. Irin á dípẹtà, á wú, kọ̀ǹkéré á bẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìníà máa fi dé, àpò ìpamọ́ kò tó nǹkan. Lẹ́tà wọlé: $14,000 fún yàrá tèmi, láàárín oṣù mẹ́fà. Gbogbo ọdún tí a fi ń san owó pẹ́pẹ̀pẹ́ yẹn, gbèsè la ń kó jọ tí a kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni owó oṣooṣù tó kéré jù ti máa ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó pọ̀ lọ.

Nítorí náà, kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, gba ìwé tí wọ́n ń pè ní status certificate. Òfin ní kí wọ́n má gbà ju $100 lọ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì fún ọ láàárín ọjọ́ 10. Ìsúná ilé náà wà nínú rẹ̀, àti ìṣirò owó tí olùṣirò owó ti yẹ̀ wò, òfin inú ilé, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù bí ó bá wà, owó ìdáwó tó ń bọ̀ bí wọ́n bá ti fẹnu kò lé e lórí, àti bí àpò ìpamọ́ ṣe rí. Òfin tún ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò àpò yẹn lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta; wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn, kó o wo ohun tí wọ́n ní ó máa bàjẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sí i, kó o wá wo iye tó wà nílẹ̀. Kí éjẹ́ǹtì rẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdíyelé pé bí ìwé yẹn kò bá tẹ́ lọ́yà rẹ lọ́rùn, ìwọ kò rà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọjọ́ mẹ́wàá wà tí ènìyàn lè fi yí ọkàn padà. Ilé tuntun tí o rà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ nìkan nìyẹn wà fún. Èyí tí o fẹ́ rà yìí, ẹlòmíràn ti gbé inú rẹ̀ rí. Tí o bá ti fọwọ́ sí i láìfi àyè sílẹ̀, ó ti di tìrẹ.

Ohun kan tí ojú lásán lè rí: béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Bí ó bá bọ́ sí àárín 1995 sí 2007, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ báásìnì ilé ìdáná, tan iná fóònù rẹ, kó o wo páìpù. Bí ó bá jẹ́ ọsàn àti búlúù, tí wọ́n kọ Kitec sí i lára, mọ̀ pé o ti bá wàhálà pàdé. Páìpù náà máa ń bẹ́ láti inú, ilé inṣọ́ránsì kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn owó ìtanràn tí àwọn tó ṣe é san sì ti tì láti 9 January 2020. Kì í ṣe pé kí o sá. Kí ẹni tó ń tà á yọ owó àtúnṣe kúrò ni. Tìrẹ náà, ra inṣọ́ránsì ti inú yàrá rẹ, torí bí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ bá da omi sórí ará ìsàlẹ̀, wọ́n lè ní kí o san apá tí inṣọ́ránsì ilé kò san, kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá rìn. Walk Score 98 yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ mọ ohun tó ń wọ̀n. Ó ń wo bí ibi ìrajà, ilé oúnjẹ, ilé ìwé, ọgbà ìtura ṣe súnmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ sí. Èyí tó bá wà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún gba máàkì pé, èyí tó bá ju ìdajì wákàtí lọ kò gba nǹkan kan. Kò mọ òtútù February, kò mọ afẹ́fẹ́ tó ń ti adágún Ontario bọ̀, kò sì mọ ẹ̀lùbọ́. Ọjà St. Lawrence ní ẹja, ẹran, wàrà líle oríṣiríṣi bí o bá ń jẹ ẹ́, àmọ́ wọ́n máa ń tì í ní ọjọ́ Ajé, irú àti epo pupa tó gbámúṣé sì ṣì máa gbé ọ lọ sí North York tàbí padà sí Brampton. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́: bí o bá sè é tán, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín nínú kóńdò kékeré kì í gbé e síta, inú ilé ló ń dá a padà sí. Obìnrin kan tí mo bá ra ilé máa ń sun pánla lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn àdúgbò yẹn, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ti rélùwéè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, láti ìgbà tí David Crombie jẹ́ olórí ìlú, ìjọba ìlú gbà á, wọ́n pa ilé olówó, ilé alájọni àti ilé tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ra lẹ́bàá The Esplanade, wọ́n sì fi ọgbà ìtura tó gùn gbọọrọ sáàárín, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Crombie dòní. Nítorí pé onírúurú èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé kì í ṣófo, ẹsẹ̀ kì í sì í dá lójú ọ̀nà. Àwọn àdúgbò ilé gíga tuntun kan wà tí máàkì wọn ga, tí ìwọ nìkan á sì máa rìn níbẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn rẹ lé díẹ̀ ní kìlómítà méjì, ìdajì wákàtí fún ẹni tí kò kánjú. Tàbí kí o wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Line 1 ní King, kó o sọ̀ ní St. Patrick. Ṣùgbọ́n òru lò ń ṣiṣẹ́. Má tẹ̀ lé éjẹ́ǹtì lọ ní ọ̀sán Sátidé nìkan. Lọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, rìn ín láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ibi iṣẹ́, kó o sì rìn ín padà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Má gbára lé PATH, ọ̀nà ẹsẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó ju kìlómítà 30 lọ. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń tì lóru. Nígbà tí o bá wà nínú yàrá náà, ṣí fèrèsé. Ojú irin àti òpópónà Gardiner wà ní gúúsù àdúgbò yẹn, ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀sán lo máa ń sùn ni ariwo wọn máa bá jà.

Ibi tí àǹfààní ìrìn ẹsẹ̀ ti di owó ni mọ́tò. Bí o bá ta á, $1,150 lóṣù ti padà sápò rẹ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì $610 tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Bí o kò bá tà á, àǹfààní yẹn kò sí, o sì máa wá ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ní ìgboro, nígbà mìíràn ju $50,000 lọ, pẹ̀lú owó oṣooṣù tirẹ̀. Kò sí àárín méjì tó dára níbẹ̀.

Ó wá ku owó. Owó tí o máa kọ́kọ́ san sílẹ̀, ká ní ó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lórí $545,000, jẹ́ $109,000. Ó kù ọ́ ní $16,000. Ní Tòróńtò, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń san owó orí ìràlé, ti Ontario àti ti ìlú, $7,375 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, $14,750 lápapọ̀. Ẹni tó bá ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń gba $4,000 lórí ọ̀kan àti $4,475 lórí ìkejì padà, á wá ku $6,275. Fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń kọsẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wí yìí kì í ṣe ti Kánádà nìkan. Ẹni tó ti ní ilé rí, tàbí ìpín nínú ilé, níbikíbi lágbàáyé, kò sí nínú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá wà lára ìwé ilé kan ní Abẹ́òkúta, tàbí tí ilé ogún bàbá yín ti di tẹ̀yin ọmọ lórí ìwé, sọ ọ́ fún lọ́yà kí o tó fọwọ́ sí ohun tí o máa búra lé. Bí àǹfààní yẹn bá sì bọ́, $16,000 rẹ kò ní tó fún owó orí, lọ́yà àti owó ìkẹ́rù.

Báńkì á yá ọ ní $436,000. Ká ní èlé jẹ́ 4.5%, ọdún 25, nǹkan bíi $2,410 ni wàá máa san lóṣù. Nínú ti oṣù àkọ́kọ́, tó $1,620 ni èlé, ìyókù ló ń dín gbèsè kù. Fi $610, $190 àti bíi $40 inṣọ́ránsì kún èlé yẹn, o ti rí $2,460 tí kò ní padà wá. Ẹni tó háyà irú yàrá kan náà ń san $2,300. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé háyà ń fi owó ṣòfò kò tíì jókòó ṣírò. Báńkì pàápàá á fi ìdajì $610 náà kún ohun tó ń wò kó tó yá ọ lówó, á sì dán ọ wò bíi pé èlé fi 2% ga ju èyí tí o máa san lọ. Kọ́kọ́ lọ bá wọn kí o mọ ibi tí agbára rẹ dé.

O kò béèrè bóyá kí o dúró kí owó ilé tún wálẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ á béèrè. Báńkì àpapọ̀ Kánádà gbé èlé rẹ̀ láti 0.25% ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 dé 5% ní July 2023, kóńdò kékeré sì fara gbá a, torí àwọn tó ń rà á láti fi háyà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Èlé ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, kò tíì sí ẹni tó ń sáré. Èmi kì í ṣe babaláwo ọjà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí o bá rà á lónìí tí o sì tà á lọ́dún kejì, ní 5% owó éjẹ́ǹtì àti owó orí 13% lórí ìyẹn, ó lé ní $30,000 kó o tó mọ̀ bóyá ilé náà gbé e tàbí kò gbé e.

Màmá wá ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 560 pẹ̀lú ìyá rẹ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìwọ ń sùn lọ́sàn-án, tí àwọn ń gbàdúrà ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n sì ń wo fídíò ní pálọ̀ lọ́sàn-án. Ó ṣeé ṣe. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Ẹnì kan á máa sùn lórí àga, kò sì ní jẹ́ Màmá.

Bí èmi bá ni ìwọ, n kò ní rà á báyìí. Mo ní màá padà sí agara rẹ: ìrìn ẹsẹ̀ lò ń wá, ìrìn ẹsẹ̀ sì ṣeé háyà. Lọ háyà yàrá kan àti pálọ̀ ní àdúgbò yẹn gan-an fún ọdún kan, kó o ta mọ́tò, kí Màmá wá bá ọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mú ilé tí èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀ ṣáájú 15 November 2018, torí èyí tó bá jẹ́ tuntun ju ìyẹn lọ, kò sí òfin tó dá onílé dúró lórí iye tó lè fi kún háyà lọ́dọọdún. Àwọn tó dàgbà jù ú ní òdiwọ̀n, 2.5% ni ti 2025. Láàárín ọdún náà, bí o kò bá tíì ní FHSA, àpò ìfowópamọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́, ṣí i ní báńkì kí December tó parí: $8,000 lo lè fi sí i lọ́dún, $40,000 lápapọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé, tí January bá sì wọlé, àyè $8,000 mìíràn ti ṣí. Ilé Abẹ́òkúta kò dí èyí lọ́wọ́, torí ilé tí o ń gbé gan-an ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ẹni tí mo rò pé ó yẹ kó ra kóńdò yìí lónìí ni ẹni tó mọ̀ dájú pé òun á gbé ibẹ̀ ọdún mẹ́fà tàbí méje, tí ìwé ilé náà mọ́, tí kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ wá bá a gbé. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, fi $100 gba status certificate lọ́sẹ̀ yìí, kó o kọ̀wé sí mi padà nígbà tí lọ́yà bá ti kà á. Kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà sínú rẹ̀, iye tó wà nínú àpò ìpamọ́, àwọ̀ páìpù tó wà lábẹ́ báásìnì, àti bóyá orúkọ rẹ wà lára ìwé kankan ní Abẹ́òkúta.